Èpè Inú Omi: Ìrìn Ọjọ́ Òjò Kan ní Ìlú Bath



Ìlú kan wà ní apá ìwọ̀-oòrùn Ìlú Ọba tí orúkọ rẹ̀ kò ní àdììtú kankan nínú. Bath ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìwẹ̀. Omi gbígbóná ló dá ìlú náà sílẹ̀, omi gbígbóná ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Aquae Sulis ni àwọn ará Róòmù ń pè é nígbà tiwọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni omi Sulis. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá, mo lo odidi ọjọ́ kan níbẹ̀, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, òjò kò sì dá. Ẹwà ìlú náà kọ́ ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé, fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, ibí yìí ni àwọn tí wọ́n jà lólè ń gbé ẹjọ́ wọn wá. Àwọn mìíràn sì wà tí a jà lólè kí àwọn ọlọ́rọ̀ tó lè máa gbádùn níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fún ní ibi tí wọn yóò kọ ẹjọ́ tiwọn sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, torí inú rẹ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí mi tí mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn ní Bristol ti kìlọ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ní, “Òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ o. Ọyẹ́ á kàn gbẹ ọ́ lára ni, èyí á wọnú eegun rẹ lọ jókòó.” Wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ òwú tiwọn fún mi, mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.” Ọkọ̀ ojú irin kò lò ju bí ìṣẹ́jú méjìlá lọ láti Bristol dé Bath. Isambard Kingdom Brunel ló yàwòrán ibùdókọ̀ tí mo ti sọ̀, 1840 ni wọ́n sì ṣí i. Òjò tí mo bá níta kò jọ òjò ilé wa, tí yóò lu páànù bí ìlù, tí yóò sì dá kí ọ̀sán tó pọ́n. Wínníwínní ni, òjò tí kò ní ohùn. Kò rọ̀ dáadáa, kò sì dá. Gbogbo òkè tó yí ìlú náà ká ti wọnú kùrukùru, èèyàn kò lè mọ ibi tí ilé parí sí tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀.

Irú òjò yìí náà ló ń di omi gbígbóná Bath. Ó máa ń rọ̀ sórí àwọn òkè Mendip ní apá gúúsù. Òkúta ẹfun ni àwọn òkè náà, omi sì máa ń rí ihò gbà kọjá nínú wọn. Yóò máa rì lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí ooru inú ilẹ̀ ti pọ̀. Nígbà tó bá gbóná tán, yóò wá ibi tí àpáta ti sán, yóò sì gba ibẹ̀ padà sókè sí àárín ìgboro Bath. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn onímọ̀ sọ pé ìrìn àjò yìí ń gbà. Èyí tó túmọ̀ sí pé òjò tó rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ Róòmù ló ń sun jáde lónìí. Ooru rẹ̀ tó 46 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì ń sun ju mílíọ̀nù kan lítà lọ lójúmọ́. Mo mọ̀ pé Ìkọgòsì ti wá sí yín lọ́kàn. Èmi náà rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n igbó ló yí omi Ìkọgòsì ká. Ní Bath, odidi ìlú ló jókòó lé omi náà lórí.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ wò ó, ìgbà ọ̀gìnnìtìn ni kí ẹ lọ. Ní àkókò oòrùn, adágún ńlá tí àwọn ará Róòmù kọ́ kàn máa ń rí bí ọbẹ̀ ewédú ni, torí oòrùn ń mú kí ewé omi hù nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ, èéfín funfun ń rú lójú omi náà, òjò ń bọ́ sínú rẹ̀ láti òkè, òkúta ẹsẹ̀ adágún sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni kì í wẹ̀ níbẹ̀ mọ́ láti 1978, nígbà tí kòkòrò inú omi náà pa ọmọdébìnrin kan. Ilé tuntun kan tí wọ́n ṣí ní 2006 ni àwọn tó bá fẹ́ wẹ̀ ń lọ.

Ẹ̀gbẹ́ adágún yìí gan-an ni ìsun náà wà, òun sì ni àwọn èèyàn ń bọ. Sulis ni orúkọ òrìṣà obìnrin tí àwọn onílẹ̀ ń bọ níbẹ̀ kí àwọn ará Róòmù tó dé. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò lé e lọ. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Minerva tiwọn, wọ́n sì kọ́ tẹ́ńpìlì fún àwọn méjèèjì bí ẹni pé ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n. Ní 1727, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ojú gọ́tà ní òpópónà Stall Street kan orí ère Minerva tí wọ́n fi idẹ ṣe, tí wọ́n sì fi wúrà bò. Orí náà wà nínú mùsíọ́ọ̀mù báyìí, ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń ya fọ́tò rẹ̀. Ohun tí mo torí rẹ̀ wá ni wọ́n gbé sínú àpótí gíláàsì kan tí kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.

Láàárín 1979 sí 1980, Barry Cunliffe àti àwọn awalẹ̀pìtàn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́ ìsàlẹ̀ ìsun náà. Wọ́n bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó ẹyọ níbẹ̀, wọ́n sì bá wàláà òjé pẹlẹbẹ tó tó 130. Òmíràn nínú wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n ti ká a, wọ́n sì ti jù ú sínú omi. Nígbà tí wọ́n rọra tú wọn, tí Roger Tomlin sì jókòó ti ìwé orí wọn, èpè ni wọ́n bá. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́, sí Sulis. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló dá lórí olè.

Kí ni olè jí? Ẹ má rò pé ilẹ̀ tàbí màlúù ni. Solinus lọ wẹ̀, ẹnìkan gbé aṣọ ìwẹ̀ rẹ̀ àti agbádá òtútù rẹ̀ lọ. Ó ní kí Sulis má ṣe jẹ́ kí ẹni náà rí oorun sùn, kí ara rẹ̀ má sì le, títí yóò fi dá ẹrù náà padà sí tẹ́ńpìlì. Basilia pàdánù òrùka fàdákà. Annianus pàdánù owó fàdákà mẹ́fà nínú àpò rẹ̀, ó sì to orúkọ àwọn tó fura sí jọ bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Èyí tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni ti Docimedis. Ìbọ̀wọ́ méjì ni wọ́n jí mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì bẹ Sulis pé kí ẹni tó jí i ya wèrè, kí ojú rẹ̀ sì fọ́. Nítorí ìbọ̀wọ́! Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo wo ìbọ̀wọ́ àǹtí mi tí omi ti rin gbingbin, mo rò ó pé mo ṣì ní wákàtí márùn-ún láti rìn nínú òtútù yẹn, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ Docimedis kì í ṣe àwàdà.

Àwa tá a ń kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn, ẹ̀yà iṣẹ́ yìí kò lè ṣàjèjì sí wa. Wọ́n máa ń dí gbogbo ọ̀nà tí olè lè gbà sá: ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin, ì báà ṣe ọmọdé tàbí àgbà, ẹrú tàbí ọmọ. Wọ́n máa ń dárúkọ ẹ̀yà ara tí èpè yóò mú: ojú, ẹ̀jẹ̀, ìfun. Wọ́n máa ń so èpè náà mọ́ gbèdéke, títí di ìgbà tí ẹrù bá padà. Ìṣọwọ́hun gbólóhùn náà, ẹni tó bá ti gbọ́ kí àgbàlagbà binu ṣẹ́ èpè fún olè á dá a mọ̀. Ìyàtọ̀ kan ló dá mi dúró. Ohùn ni agbára èpè tiwa wà, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ, etí sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ti Bath, kò sí etí èèyàn nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó kọ ọ́ á ká a, á jù ú sómi, ó parí. Òmíràn, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn síwájú kí ẹlòmíràn má baà lè kà á. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èyí tó fi hàn pé kì í ṣe akọ̀wé kan ló ń bá gbogbo ìlú kọ ọ́. Olúkúlùkù ló ń mú ẹjọ́ ara rẹ̀ wá.

Ẹ padà wo “ẹrú tàbí ọmọ” yẹn. Ẹrú wà nínú àwọn wàláà wọ̀nyí léraléra, ṣùgbọ́n inú ìlà àwọn afurasí ló wà. Ẹni tí wọ́n ti jí ara rẹ̀ gan-an gbé, tí wọ́n ti tà, òun ni wọ́n ń fura sí pé ó jí ìbọ̀wọ́. Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí mo fi jáde síta.

Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Bath kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan sí ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ni wọ́n ti dé Ọba Edgar ládé ní 973. Èyí tó dúró báyìí, 1499 ni Bíṣọ́ọ̀bù Oliver King bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lójú ògiri iwájú, wọ́n gbẹ́ àwọn áńgẹ́lì tó ń gun àkàbà lọ sókè ọ̀run, òjò sì ń ṣàn lẹ́yìn wọn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì náà kún fún wàláà. Mábù ni tibẹ̀, ara ògiri ni wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ láti ilẹ̀ dé òkè, torí àwọn ọlọ́rọ̀ tó wá wo àìsàn ní Bath, tí wọn kò sì rí ìwòsàn, ibẹ̀ ni wọ́n sin ọ̀pọ̀ wọn sí. Ẹ ka àwọn wàláà náà dáadáa, ẹ ó rí Jamaica, ẹ ó sì rí àwọn erékùṣù Caribbean mìíràn. Ẹni báyìí tó ní oko ìrèké lọ́hùn-ún, èèyàn rere ni, ó láàánú. Wàláà òjé wà fún ẹ̀sùn, wọ́n ká a, wọ́n fi pamọ́ sísàlẹ̀ omi. Wàláà mábù wà fún oríkì, wọ́n sì gbé e síbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i.

Láàárín ọdún 1700 sí 1800 ni Bath di ibi tí àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rọ́ lọ. Richard Nash, tí wọ́n ń pè ní Beau Nash, ló ń darí ayẹyẹ ìlú náà fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún títí ó fi kú ní 1761. Kì í gba ẹnikẹ́ni láàyè láti gbé idà wọ ibi ijó. Wọ́n á mu omi náà láàárọ̀, wọ́n á ta tẹ́tẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n á jó lálẹ́. Mo mu omi náà nínú gbọ̀ngàn Pump Room. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń rùn bí irin, ẹẹ̀kan sì tó.

Láti ibẹ̀ lọ sókè, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ga, òjò náà sì le sí i díẹ̀. Mo gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì St Swithin ní Walcot kọjá. William Wilberforce, aṣòfin tó ń bá òwò ẹrú jà nínú ilé ìgbìmọ̀, wá sí Bath ní 1797. Nínú oṣù Igbe ọdún náà ni wọ́n fi Barbara Spooner hàn án. Nígbà tó fi máa di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Èbìbí, wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ìlú tí àwọn olóko ìrèké ti ń sinmi ni ọ̀tá òwò wọn ti fẹ́ ìyàwó. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa kí ara wọn lójú ọ̀nà.

The Circus àti Royal Crescent ni àwọn àlejò máa ń gùn òkè náà lọ wò. John Wood bàbá ló bẹ̀rẹ̀ Circus ní 1754, ó sì kú lọ́dún náà. John Wood ọmọ ló parí rẹ̀. Ọmọ yìí kan náà ló kọ́ Crescent láàárín 1767 sí 1775, ọgbọ̀n ilé tí wọ́n tò bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Òkúta aláwọ̀ oyin ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ òjò, àwọ̀ oyin yẹn máa ń ṣí kúrò, eérú ló máa ń kù. N kò ní sọ pé owó ẹrú ló ra gbogbo òkúta Bath. Irọ́ ni yóò jẹ́. Ralph Allen tó ni ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta náà, iṣẹ́ lẹ́tà fífi ránṣẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di olówó. Síbẹ̀, Bristol tí ọkọ̀ òkun rẹ̀ ń kó èèyàn láti Áfíríkà kò jìnnà, àwọn tí ìrèké sọ di ọlọ́rọ̀ sì wà lára àwọn tó ń háyà ilé wọ̀nyí, tí wọ́n ń ra ṣúgà sínú tíì wọn, tí wọ́n sì ń fi omi gbígbóná wo ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n.

Ẹnìkan wà tí kò sí iyèméjì nípa owó tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré ni William Beckford nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1770, tó sì jogún oko ìrèké àti àwọn ẹrú ní Jamaica. Kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ Jamaica rí ní gbogbo ayé rẹ̀. Ó gbéra lẹ́ẹ̀kan ní 1787, ó dé Pọtogí, ó dúró síbẹ̀. Ó kọ ìwé ìtàn, ó ra àwòrán, ó kọ́ ilé tó tóbi bíi kàtídírà sí Fonthill. Nígbà tí owó ìrèké bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó ta Fonthill ní 1822, ó sì kó wá sí Bath. Ó ń gbé ní Lansdown Crescent, ó sì kọ́ ilé gogoro kan sórí òkè Lansdown, wọ́n parí rẹ̀ ní 1827. Láràárọ̀ ni ó máa ń gba inú ọgbà rẹ̀ lọ síbẹ̀ láti lọ wo ìwé àti àwọn ẹrù rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ tí mo dúró sí, mi ò rí ilé gogoro náà. Kùrukùru ti gbé e mì.

Àwa tá a ń kọ́ Yorùbá, ẹ dúró lé ọdún 1822 yẹn lórí díẹ̀. Nínú oṣù Igbe ọdún náà, ọkọ̀ ogun ojú omi kan tó ń jẹ́ Myrmidon dá ọkọ̀ àwọn Pọtogí kan tó gbéra ní Èkó dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Òṣogùn wà nínú rẹ̀, Àjàyí ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ti kó o nínú ogun ní 1821, wọ́n sì ti tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ kó tó dé etíkun. Ohun tó gbé Myrmidon dé ibẹ̀ ni òfin 1807 tó fòpin sí òwò ẹrú láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí Wilberforce fi ogún ọdún jà fún. Freetown ni wọ́n gbé Àjàyí lọ. Òun ló di Samuel Àjàyí Crowther, òun ló tẹ ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára ohun tí àkọtọ́ tí mo fi ń kọ èyí ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún tí Beckford ń kó ẹrù rẹ̀ wá sí Bath ni wọ́n já Àjàyí gbà. Ọkọ̀ tí Beckford ń jẹ èrè rẹ̀ àti ọkọ̀ tí wọ́n já Àjàyí gbà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ síra, àyàfi pé ti Àjàyí bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ òkun.

Òfin 1807 kò tú ẹrú kankan sílẹ̀ lóko Beckford. Òwò ló dá dúró. Àwọn tó wà lóko wà níbẹ̀. Wọn kò ní wàláà òjé, wọn kò sì ní ìsun tí wọn ì bá jù ú sí. Nígbà Kérésì 1831, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Jamaica, iná sì sọ ní oko ìrèké lọ́tùn-ún lósì. Samuel Sharpe, oníwàásù tí òun náà jẹ́ ẹrú, ni aṣíwájú wọn. Wọ́n gbé e kọ́ ní oṣù Èbìbí 1832. Lójú tèmi, iná yẹn ni èpè tiwọn, òun sì ni wọ́n gbọ́ ní London. Ní 1833, ilé ìgbìmọ̀ ṣòfin ìtúsílẹ̀, wọ́n sì ya ogún mílíọ̀nù pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún owó gbà-má-bínú. Àwọn tó ni ẹrú ni wọ́n san án fún. Beckford gba tirẹ̀. Àwọn ẹrú kò gba kọ́bọ̀. Láyé Solinus, ẹni tí wọ́n jí aṣọ rẹ̀ ló ń bẹ òrìṣà pé kí olè dá a padà. Níbí, ẹni tó jí èèyàn gbé ni ìjọba tù nínú. Wọ́n ti tún ilé gogoro náà ṣe, wọ́n ṣí i padà ní 2024, ìtàn oko ìrèké náà sì ti wà lára ohun tí wọ́n ń fi han àlejò níbẹ̀ báyìí. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé.

Mo sọ̀ kalẹ̀ láti Lansdown gba Weston lọ sí Newbridge. Ìrìn náà kò dùn. Ẹrẹ̀ pọ̀, ọkọ̀ ń ta omi sí èèyàn lára, agboòrùn mi sì ti yí inú sóde lẹ́ẹ̀mejì. Òpópónà Kelston Road ni mo ń wá, níbi tí ilé kan tó ń jẹ́ Fairfield House wà. Kò sí ìdí tí àlejò lásán fi máa dé ibẹ̀ nígbà òtútù.

Ilé Haile Selassie ni. Ní oṣù Èbìbí 1936, àwọn ọmọ ogun Ítálì wọ Addis Ababa. Wọ́n ti fi gáàsì olóró pa àwọn èèyàn Ethiopia kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ọba gba Djibouti àti Jerusalem dé Ìlú Ọba. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Òkúdu, ó dúró níwájú àjọ League of Nations ní Geneva láti ro ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn oníròyìn Ítálì ń súfèé, wọ́n ń pariwo lé e lórí títí wọ́n fi lé wọn jáde. Ó gbọ́ Faransé dáadáa, èdè tí àwọn tó wà níbẹ̀ ì bá gbọ́ láìsí ògbufọ̀, ṣùgbọ́n èdè Amharic ló fi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ti bi léèrè pé kí lẹ fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí Yorùbá ṣe, ẹ rántí ọjọ́ yẹn. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Láàárín oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n mú ìjìyà ọrọ̀ ajé tí wọ́n fi de Ítálì kúrò.

Ìyẹn ló fi wá sí Bath nínú oṣù Ògún, pé kí òun sinmi, kí omi náà sì ṣe ara òun lóore. Ilé ìtura ló kọ́kọ́ dé sí, lẹ́yìn náà ló ra Fairfield. Ìgbà òtútù mẹ́rin ló lò níbẹ̀, ọba tó ti ilẹ̀ olóòrùn wá, pẹ̀lú ìdílé àti àwọn ẹmẹ̀wà tí owó wọn ń tán lọ. Ó ta àwọn ohun èlò fàdákà rẹ̀ kí wọ́n lè rówó ná. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà náà nínú òjò, mo ń gbìyànjú láti mọ bí ọ̀sán oṣù Ṣẹ́rẹ́ ṣe rí lára ẹni tí ìlú rẹ̀ wà lọ́wọ́ olè. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á lálejò ni ó tún gbà ní 1938 pé Ítálì ló ni Ethiopia. Ó wà nínú ilé yìí nígbà tí wọ́n ṣe é.

Àwọn kan gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ṣá. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó wá kọ́ ìmọ̀ òfin ní London, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní 1925. Òun ni wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ní 1924. Nígbà tí Ítálì kọlu Ethiopia, WASU gbé ọ̀rọ̀ náà rù bíi tara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, wọn kò ní ọmọ ogun, owó ilé tí wọ́n ń gbé pàápàá ń fún wọn ní wàhálà. Síbẹ̀ wọ́n ṣèpàdé, wọ́n kọ̀wé, wọ́n pariwo. Mo ti ka orúkọ Ṣólàńkẹ́ nínú ìwé rí, ṣùgbọ́n iwájú ilé yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rò ó pé ọjọ́ orí wa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà.

Ní oṣù Òkúdu 1940, Ítálì gbógun ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kíá ni ọ̀rọ̀ Ethiopia wá di ọ̀rọ̀ pàtàkì. Láàárín oṣù kan náà, wọ́n gbé ọba kúrò ní Ìlú Ọba lọ sí Sudan, ó sì padà wọ Addis Ababa ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Èbìbí 1941, ọdún márùn-ún gééré sí ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun Ítálì wọ̀ ọ́. Kò gbàgbé Bath. Ó padà wá ní 1954, wọ́n sì fi oyè ọmọ ìlú dá a lọ́lá. Ní 1958, ó fi Fairfield ta ìlú náà lọ́rẹ, pé kí àwọn arúgbó máa lò ó. Títí di báyìí, àwọn àgbààgbà ìlú Bath tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti Caribbean, Áfíríkà àti Éṣíà ń pàdé nínú ilé náà, wọ́n ń jẹun ọ̀sán pọ̀, wọ́n ń ṣeré, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nílé tí ọba ti lo ìgbà òtútù mẹ́rin.